Pak Wagimin àti Mọ́tò Tó Ń Gbọ̀n

Bí ẹ bá rí ibi tí Pak Wagimin ti ní rárá, ẹ sáré wá pè mí kí n wá wò ó. Ohun tí mo máa ń sọ nípa ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kó tó di ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá. Pak là ń pe àgbà ọkùnrin níbí, Bu là ń pe obìnrin. "Bẹ́ẹ̀ ni" lọ̀rọ̀ tó rọ ẹnu rẹ̀ lọ́rùn jù láyé. Ẹ bi í pé ṣé òjò máa rọ̀, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ẹlòmíì tún dé kó bi í pé ṣé oòrùn máa ràn kí òun lè sá aṣọ, á ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ sá a.

Lọ́jọ́ kan mo po kọfí fún un ní ṣọ́ọ̀bù kọfí mi, tó fara ti ilé iṣẹ́ Giyarto mẹkáníìkì. Oorun ò tíì dá lójú mi dáadáa, ni mo bá bu iyọ̀ sí i dípò ṣúgà. Ó mu ún tán láìṣẹ́ kù. Mo ní, "Pak, ṣé ó dùn?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bu Ruk, ó dùn gan-an." Ìgbà tí mo fi tèmi kan ẹnu ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo tu ú dànù, mo sáré lọ bẹ̀ ẹ́, àní ó ní kò sí iyọ̀ kankan nínú kọfí òun. Inú bí mi. Surabaya ni wọ́n bí mi sí, níbi tó jẹ́ pé tí ọbẹ̀ ò bá dùn, wọ́n á sọ ọ́ lójú ẹni tó sè é, wọ́n á sì tún gbé abọ́ wá pé kó bù sí i. Ọkọ ló gbé mi wá sí ẹ̀bá Madiun níbí, láàárín àwọn èèyàn tó jẹ́ pé tí o bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ni wọ́n á máa bẹ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti dé o, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò tíì kó dé.

Ẹ má sì dá Pak Wagimin lẹ́bi jù. Iṣẹ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Dírẹ́bà ọ̀gá àgbà ni nílé iṣẹ́ ṣúgà, láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hù títí tó fi funfun. Ọ̀gá ń lọ, ọ̀gá ń bọ̀, Wagimin ń wa gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé kò jiyàn rí. Ọ̀kan wà nínú wọn tó gbà pé kò sí ọ̀nà tí òun ò mọ̀. Wọ́n ń lọ sí Kediri lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ní kó yà sí òsì. Wagimin mọ̀ dájú pé ọ̀tún ni Kediri wà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó yà sí òsì. Wọ́n ń lọ títí ọ̀nà fi tán sínú oko ìrèké. Ọ̀gá sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́ lérí, ó wo ìrèké títí, ó ní, "Kediri mà ti yí padà o." Wagimin ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fi ọkọ̀ tó ń wà ta á lọ́rẹ. Mọ́tò náà ti dàgbà, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí omi ìrẹsì, ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Òun ló ń gbé aboyún àdúgbò lọ ọsibítù, òun ló ń gbé ìyàwó lọ ilé ọkọ. Tí wọ́n bá sì ti ṣe tán tí wọ́n bi í pé ṣé ó ti jẹun, bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ, á wá padà sílé pẹ̀lú ebi.

Ìyàwó rẹ̀, Bu Sainem, kì í ṣe irú ẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ tinú rẹ̀ tó bá tó àsìkò. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, Tumirah, tó ń gbé ní Pacitan lẹ́yìn àwọn òkè. Ìyá wọn kú nígbà tí Sainem ṣì ń rá, Tumirah ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Gbogbo ọdún ìtúnu ni Sainem máa ń lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó tọrọ àforíjì gẹ́gẹ́ bí àbúrò ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n la á, kò sì ṣe é ká dáadáa mọ́. Kò lè gun bọ́ọ̀sì, kò lè há sáàárín èèyàn. Ọdún ìtúnu méjì ti kọjá tí kò rí Tumirah. Ojú Tumirah náà sì ti ń ṣú. Ṣáájú ààwẹ̀ ló ránṣẹ́ pé, "Ẹ sọ fún Sainem kó wá lọ́dún yìí, kí n ṣì lè rí ojú ẹ̀."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ìjókòó iwájú mọ́tò Pak Wagimin nìkan ni Bu Sainem lè na ẹsẹ̀ sí títí dé Pacitan. Àsìkò yẹn gan-an ni mọ́tò wá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n bí ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀. Ta ló máa gbé ọkọ̀ tó ń gbọ̀n gun òkè Pacitan, níbi tí àpáta wà lápá kan, tí ọ̀gbun wà lápá kejì?

Wọ́n gbé e wá bá Giyarto. Giyarto mọṣẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tó di pé mo bú u. Ṣùgbọ́n ọmọ ibí lòun náà, wọ́n kọ́ ọ nílé pé èèyàn kì í já àgbà ní koro. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tí mo ń gbọ́ wọn, torí pé ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dáná kọfí títí di ìrọ̀lẹ́, etí mi nìkan ló sì níṣẹ́ ṣe.

Giyarto ní, "Pak, ẹ jọ̀ọ́, tó bá dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó ń gbọ̀n, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Giyarto."

"Tí ẹ bá wá tẹná, tí ohùn ẹ́ńjìnnì lọ sókè, gbígbọ̀n náà ń le sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń le sí i."

Inú Giyarto dùn. Ó ní rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ló ti jẹ, òun ni kì í jẹ́ kí ara ẹ́ńjìnnì kan ara mọ́tò. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Pak Wagimin gbé mọ́tò lọ, ó ní ó ti dára, ó dúpẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Lọ́jọ́ kejì Bu Sainem fi ọ̀pá rìn wá fúnra rẹ̀, ó ní, "Giyarto, ọmọ mi, ojú kan náà ló wà."

Giyarto yọ púlọ́ọ̀gì, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà. Ojú kan náà. Ó wá ní kí àwọn gbé e jáde sójú títì kí òun fi ara òun mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ wá rò pé Giyarto á sọ fún àgbàlagbà tó fi iṣẹ́ dírẹ́bà jẹun láyé rẹ̀ pé kó dìde nídìí sítíárìn? Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó káwọ́ lé itan. Pak Wagimin ní tirẹ̀, nítorí pé ó gbé àlejò, ń wa mọ́tò bí ẹni tó di ẹyin sẹ́yìn. Mo rí ìyá arúgbó kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ tó kọjá lára wọn. Bí wọ́n ṣe dé, Giyarto ní òun gbọ́ ọ díẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú ló ń tì í láti sọ fún àgbà pé òun ò gbọ́ nǹkan kan.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Pak, àbí ìgbà tí ẹ bá ń yí gíà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà yẹn náà."

"Àbí gíà máa ń ṣagídí kó tó wọlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀."

Giyarto bá gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní gíábọ́ọ̀sì ni. Ó ní òun máa sọ ọ́ kalẹ̀, àmọ́ tí eyín inú rẹ̀ bá ti jẹ, kí wọ́n má tan ara wọn, kò síbi tí wọ́n ti máa rí irú ẹ̀ mọ́ fún mọ́tò tó ti dàgbà tó yìí. Ẹni tó ń ra irin àlòkù ládùúgbò ti gbọ́, torí bí igún ni wọ́n ṣe rí, ó sì ti gba iwájú ilé iṣẹ́ náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì, tó ń fojú wọn mọ́tò.

Ọjọ́ tí Giyarto fẹ́ tú gíábọ́ọ̀sì ni Bu Sainem wá jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sílẹ̀. Ó ní, "Ruk, mo ti ní kí Wahyuni ọmọ mi pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Mo ní kó sọ fún un pé n ò ní lè wá." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Kò pariwo. Ó kàn ń fi etí ìborùn nu ojú, omi ò sì yéé dà. Mo ti jókòó ti obìnrin yìí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, n ò rí ẹkún rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n la orúnkún rẹ̀.

Mo dìde, mo lọ bá àwọn ọkùnrin méjèèjì nídìí mọ́tò.

Mo ní, "Giyarto, o fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ o ń pa làpálàpá."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bu Ruk, ẹ padà sídìí kọfí yín."

"Kọfí wo? Ṣé o ò gbààwẹ̀ ni? Jẹ́ kí n bi Pak ní ìbéèrè kan ṣoṣo, lẹ́yìn ìyẹn kí o tú u sí wẹ́wẹ́."

Mo kọjú sí Pak Wagimin, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n ń lò níbí bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Pak, ẹ má bínú o. Nígbà tí ẹ bá ti pa mọ́tò yìí, tí ẹ ti yọ kọ́kọ́rọ́, tí ẹ ti ti ilẹ̀kùn, tí ẹ̀yin fúnra yín ti wọlé lọ sùn, ṣé ó ṣì máa ń gbọ̀n?"

Ó wolẹ̀. Ó ro ó. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bu Ruk. Ṣùgbọ́n kò pọ̀."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Giyarto. Ó kọ́kọ́ fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, ó yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì, nígbà tó yá ó bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bu Sainem tó ń sunkún lórí bẹ́ńṣì náà rẹ́rìn-ín. Pak Wagimin fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò kàn mọ ohun tí a ń rín ni.

Mo ní, "Ṣé o ti rí i, Giyarto? Ìwọ lo ń fi ìdáhùn sí i lẹ́nu, òun wá ń dá a padà fún ọ pẹ̀lú ọpẹ́. Ta ni ẹlòmíì tó ń jókòó nínú mọ́tò yìí?"

Ó wo Bu Sainem. Ó sún mọ́ ọn, ó lóṣòó síwájú rẹ̀. "Bu, ṣé ìgbà tí mọ́tò bá dúró ni ẹ máa ń…"

Mo gbá a léjìká. "Má fi ìdáhùn sínú ìbéèrè!"

Ó mí kanlẹ̀. "Bu, ibo lẹ ti máa ń gbọ́ ọ lára?"

Bu Sainem ní, "Ní ìdí mi."

"Ẹn-ẹ́n?"

"Mo ní ìdí mi, Giyarto. Abẹ́ ìjókòó ló ti ń wá. Iwájú ò gbọ̀n, ọwọ́ Bàbá yìí náà kì í gbọ̀n lórí sítíárìn, mo máa ń wò ó. Tí a bá rọra ń lọ, kò sí nǹkan kan. Tó bá ti ń sáré ló máa ń wá. Àti lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀hún, lẹ́yìn afárá. Bàbá máa ń yọ gíà sí fíríì níbẹ̀ kí epo má baà jó, wọn ò fi àṣà yẹn sílẹ̀ láti ayé ilé iṣẹ́ ṣúgà. Ẹ́ńjìnnì á dákẹ́ bí ẹni pé ó ń sùn, ìdí mi á sì máa jó."

Giyarto gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ ràn. Ó ní, "Bu, ẹ tún ti fíríì yẹn sọ." Ó tún un sọ. Giyarto dìde, ó nu ọwọ́. Mo mọ ohun tó ń rò, mo sì mọ ohun tí kò lè sọ, ni mo bá bá a sọ ọ́. "Pak Wagimin, ẹ máa fún Giyarto ní kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yìn lẹ̀yin máa jókòó sí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ yẹn náà máa ń wúlò nígbà míì.

Giyarto di sítíárìn mú, Bu Sainem na ẹsẹ̀ sí iwájú, èmi àti Pak Wagimin wà lẹ́yìn. Ọ̀nà tó gba àárín oko ìrèké kọjá la bá lọ, torí pé ó tẹ́jú, kò sì sí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án ààwẹ̀. Giyarto ń tẹná díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wá dé, láti abẹ́ ibi tí a gbé ẹsẹ̀ lé, ó ń gbọ̀n riri, eyín mi ń kan ara wọn. Mo di ilẹ̀kùn mú. Giyarto kò dẹ ẹsẹ̀. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó yọ gíà sí fíríì, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Ohùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ wọ̀ọ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ mọ́. Mọ́tò ṣì ń yí lọ pẹ̀lú eré tó ti sá tẹ́lẹ̀. Ó sì ṣì ń gbọ̀n riri, kò dín, kò lé. Bí eré ṣe ń dín kù ni gbígbọ̀n náà ń dín kù, títí ó fi lọ.

Giyarto dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì lu sítíárìn. "Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì! Kì í ṣe gíábọ́ọ̀sì! Bu, kì í ṣe gíábọ́ọ̀sì o!"

"Báwo lo ṣe mọ̀?" Bu Sainem ò fẹ́ yọ̀ kó má lọ já a kulẹ̀.

"Ká ní ẹ́ńjìnnì ni, ohùn rẹ̀ ló máa tẹ̀ lé. Tí ohùn bá wálẹ̀, òun náà á wálẹ̀. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì ti sùn, mo ti já gíà kúrò, ó ṣì ń gbọ̀n. Eré táyà ló ń tẹ̀ lé. Ká tún ní táyà iwájú ni, ọwọ́ mi ni ǹ bá ti gbọ́ ọ. Ìdí yín ò purọ́, Bu. Láti ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì dé táyà ẹ̀yìn ni, àtúnṣe ibẹ̀ kò sì lè pa wá."

N kò mọ ìgbà tí mo gbá Pak Wagimin mọ́ra. Ara rẹ̀ le gan-gan. Mo rò pé ìtìjú ni.

A padà. Giyarto fi jáàkì gbé ẹ̀yìn mọ́tò sókè, ó fi igi gbè é lẹ́sẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pá gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí ẹ̀yìn, pùròpẹ́là là ń pè é. Ọ̀nà méjì ni ọ̀pá náà pín sí, ọ̀kan wọ inú ìkejì. Wọ́n fín àmì ọfà sára àwọn méjèèjì, pé tí ẹnikẹ́ni bá tú wọn, kó rí i pé ọfà kojú sí ọfà kó tó dà wọ́n pọ̀, torí tí wọn ò bá bára wọn mu, ọ̀pá ò ní yí gún. Ohùn Giyarto jáde láti abẹ́ mọ́tò.

"Ọfà kan wà lókè, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́! Ẹnì kan ti tú ọ̀pá yìí rí. Pak, ta ló tú u?"

Pak Wagimin ń wo òrùlé.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Bu Sainem dá mi lẹ́kun. Ó ń wo ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Wahyuni."

"Aribowo ni," ni Pak Wagimin sọ, ohùn rẹ̀ kéré. Aribowo ni ọkọ Wahyuni, ọmọ wọn. "Ìgbà tí wọ́n wá kí wa ṣáájú ààwẹ̀. Ó ní òun fẹ́ bá mi fi gíríìsì sí i. Láti àárọ̀ ló ti wà lábẹ́ mọ́tò, ẹ̀wù tuntun tí Wahyuni rà fún un bàjẹ́. Nígbà tó ń dà á pọ̀, mo rí i pé àmì yẹn ò kojú síra. Ó bi mí, ó ní, 'Bàbá, ṣé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyí?'"

Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló fi dáhùn.

Bu Sainem ní, "Ẹ mọ̀. Ẹ ti mọ̀ látìgbà yẹn."

"Mo rò pé Giyarto á kàn rí i fúnra rẹ̀. N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé Aribowo ló ṣe é. Ojú á tì í, ojú á ti Wahyuni."

"Èmi wá ń kọ́? Mo ń sunkún lójú yín, ẹ ń wò mí."

Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti Pak Wagimin tún burú ju ìyẹn lọ, torí pé ti ìyàwó rẹ̀ ló bá a dákẹ́. Mo ní, "Pak, ṣebí ọmọ Surabaya ni Aribowo! Ẹ ò bá sọ ọ́ sí i lójú pé iṣẹ́ tó ṣe ò dáa. Á ní 'ẹn-hẹn,' á tún un ṣe, á sì béèrè oúnjẹ!"

Giyarto ò dá sí i. Ó tú ọ̀pá náà, ó yí i, ó fi ọfà kan kojú sí èkejì, ó dì í padà. Kò ra nǹkan kan. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí a fi tún gba ọ̀nà ìrèké lọ, Giyarto sì tẹná títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí ka kálímà. Mọ́tò náà ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀ mọ́tò, bí ẹni tó fọwọ́ kan orí ọmọ tí ibà ti fi sílẹ̀. Nígbà tí mo wo iwájú, Bu Sainem ti sùn lọ. Ó pẹ́ tí mo ti rí ara ẹnikẹ́ni tó balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó ṣe jí tí a délé, ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, ó sì sọ̀rọ̀ fún ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo wa. "Aribowo ń bọ̀ wá ṣọdún. Ẹ mọ̀ pé á tún ní òun fẹ́ fi gíríìsì sí i ká tó gun òkè. Ẹ̀yin á sì tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Tí ẹ ò bá fi ẹnu ara yín sọ fún un, n ò ní wọ mọ́tò yìí lọ Pacitan. N ò lọ kú sínú ọ̀gbun nítorí ìtìjú."

Pak Wagimin ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Ọjọ́ ọdún pé. Bí a ṣe ti yídì dé, gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ara wọn. Mo gba ọ̀dọ̀ wọn lọ, torí kí n má purọ́, n ò lè dúró sílé. Mọ́tò ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù ti wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ Bu Sainem nìkan ló kù. Pak Wagimin jókòó sórí àga, ó wọ ẹ̀wù bàtíkì tuntun. Wahyuni kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, bàbá rẹ̀ fọwọ́ kàn án lórí. Ó wá kan Aribowo. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ àna rẹ̀ mú, ó gbé e kan iwájú orí, ó sọ ohun tí gbogbo wa ń sọ. "Bàbá, ẹ forí jì mí fún gbogbo àṣìṣe mi, èyí tí mo mọ̀ àti èyí tí n ò mọ̀."

Ẹ ṣáà mọ èsì rẹ̀. Àgbà á ní kò sí àṣìṣe, ìwọ náà forí ji èmi, wọ́n á dìde, wọ́n á jẹun. Kò sẹ́ni tó ń béèrè àṣìṣe wo.

Pak Wagimin ò sọ bẹ́ẹ̀. Kò fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀. Ó ní, "Mo forí jì ọ́, Aribowo. Èyí tí o ò mọ̀ wà lábẹ́ mọ́tò."

Abọ́ dúró lọ́wọ́ Wahyuni.

Ó wá sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀: ọfà, gíríìsì, ìbéèrè tí ọmọ náà bi í àti èsì tí òun fún un. Lẹ́yìn náà ni bàbá arúgbó yìí rọra kúrò lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àna rẹ̀, ó ní, "Ìwọ náà forí jì mí. O bi mí, mo parọ́ fún ọ. Mo jẹ́ kí ìyá ìyàwó rẹ sunkún nínú ààwẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí n ò lè sọ."

Aribowo ń wò ó, ẹnu rẹ̀ ò pa dé. Ó ní, "Bàbá! Mo mọ̀ pé ọfà yẹn ò dáa lójú mi! Ṣebí mo bi yín?" Ó dì mọ́ ọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, ìborùn Bu Sainem ti tutù. Nígbà tí ara wálẹ̀, Aribowo dìde, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù. "Ó dáa, Bàbá, ẹ jẹ́ n yára wọ abẹ́ rẹ̀ kí n tún un wò kí ẹ tó lọ."

"Rárá," ni Pak Wagimin wí.

Mo fi etí mi méjèèjì gbọ́ ọ. Bu Sainem dìde. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde, ó sì wọ mọ́tò.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí mo ń se omi kọfí, fóònù mi dún. Bu Sainem ni. Ó ní àwọn ti dé láti àná, àwọn gun gbogbo òkè yẹn, omi inú ife òun ò dà. Ó ní, "Ruk, n ò lè kúnlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé orúnkún fún un. Ó ní ta ló bi mí ní ìbéèrè orúnkún? Ó fà mí sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé orí mi lé itan, ó mú ojú rẹ̀ sún mọ́ ojú mi pẹ́kípẹ́kí. Ó ní òun rí mi. Ruk, ó ní òun ṣì rí mi." Mo ní, "Alihamdulilahi." Omi ti dà bo iná mi.

Ó ní kí n mú sùúrù, Bàbá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Pak Wagimin gba fóònù, ó wúkọ́.

"Bu Ruk."

"Pak."

"Kọfí ọjọ́ yẹn. Iyọ̀ lẹ bù sí i."